Ta Ni Kọ̀ǹpútà Ilé Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ agbo ilé Yorùbá, a kì í dédé ké "Olè!" mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dédé tẹ́ ẹní fún un nínú ìyẹ̀wù. Omi ni a ó kọ́kọ́ bù fún un. Lẹ́yìn náà ni baálé yóò wá rọra bi í léèrè ọ̀rọ̀: níbo ni ó ti ń bọ̀, ta ni ó ń wá, kí ni ó bá wá, ta ni ó sì mọ̀ ọ́n nínú ilé? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá ẹni ire ni tàbí ẹni ibi. Ọgbọ́n ńlá ni àwọn àgbà fi sínú àṣà yìí. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a kò mọ̀ kò tíì di ọ̀tá. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀rín ẹnu nìkan kò sọ ènìyàn di ọ̀rẹ́. Ìbéèrè ni ó wà láàárín méjèèjì.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní ẹnu ọ̀nà mìíràn tí baálé kò fojú rí. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì ni ẹnu ọ̀nà náà. Láti ìgbà tí a bá ti tan ẹ̀rọ yìí, tí a sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó ti ń bá àwọn ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú ìlú, àwọn mìíràn ní òkè òkun. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni onílé kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Kí ni ó yẹ kí onílé ṣe nígbà tí ó bá rí i pé ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀ ń bá ẹni tí òun kò mọ̀ sọ̀rọ̀? Ìbéèrè yìí tó ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fara balẹ̀ rò.

Ẹ jẹ́ kí á fi Àjàngbàdí ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà ní ilẹ̀ Àwórì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ní agbègbè títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ìbà àti Òkokomáíkò ni aládùúgbò rẹ̀. Kò jìnnà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, kò sì jìnnà sí ọjà ńlá Alábà, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ẹ̀rọ títà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tuntun ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, oníṣòwò fi ń ṣe ìṣirò ọjà, òbí fi ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí ẹlòmíràn ti lò kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ń lò wọ́n báyìí.

Bí ọ̀rọ̀ àjèjì inú kọ̀ǹpútà bá délẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pín sí. Àwọn kan a máa bẹ̀rù ohun gbogbo. Bí wọ́n bá rí orúkọ tí wọn kò mọ̀ lójú ẹ̀rọ, wọn a ní olè ti wọlé, wọn a pa ẹ̀rọ, wọn a sì sáré kiri bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tí ó rí ekòló tí ó ń sá. Àwọn kejì kò bìkítà rárá. Wọn a ní, "Kí ni olè fẹ́ jí ní ilé tálákà? Ṣebí orin àti àwòrán nìkan ni ó wà nínú ẹ̀rọ yìí?" Bí a bá wò ó dáadáa, ọmọ ìyá kan náà ni ìbẹ̀rù ti àwọn ìṣáájú àti àìbìkítà ti àwọn ìkẹyìn. Àìmọ̀ ni ìyá wọn. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù kò béèrè, ẹni tí kò bìkítà náà kò béèrè. Ọ̀kan ń sá fún ohun tí kì í ṣe ewu, èkejì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ewu.

Kí á tó lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́, a ní láti mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1983, ọdún kan náà tí a dá yunifásítì Ọ̀jọ́ sílẹ̀, ni àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ mọ́ra ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò tí a ń pè ní ARPANET, gba ìlànà kan ṣoṣo fún fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìlànà náà ni gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ń lò títí di òní. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. A ó gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, a ó sì kọ àdírẹ́sì ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á sí ara àpò náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì tó-tò-tó pín níyà ni irú àdírẹ́sì tí ó wọ́pọ̀, kò sì sí èyí tí ó ju 255 lọ nínú wọn. Oríṣi mìíràn tún wà tí ó gùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àdírẹ́sì nìkan kò tó, nítorí pé ilẹ̀kùn pọ̀ nínú ilé kan. A fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì lè ga dé 65,535. Iṣẹ́ tí a yàn fún àwọn kan nínú wọn jẹ́ ohun tí a mọ̀ káàkiri ayé. Ilẹ̀kùn 443 ni ti ìkànnì tí a fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ìwé tí a fi èdìdì dì. Ilẹ̀kùn 80 ni ti ìkànnì tí a kò di ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn 53 ni a ti ń béèrè ọ̀nà: a ó dá orúkọ ìkànnì, a ó sì gba nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀. Ilẹ̀kùn 587 ni a ń fi lẹ́tà orí ẹ̀rọ ránṣẹ́ gbà. Ilẹ̀kùn 445 sì ni àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé tàbí ọ́fíìsì kan náà ń gbà yá ara wọn ní ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé bá ń jáde lọ kí ẹlòmíràn, nọ́ńbà ńlá kan ni ó máa ń mú fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ńlá tí a kò mọ̀ ní apá ti ilé kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù.

Kò sí àṣírí nínú rírí àwọn tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀. Lórí ẹ̀rọ tí ń lo Windows, bí a bá ṣí ojú ewé tí a ti ń kọ àṣẹ, tí a tẹ netstat -ano, ìlà púpọ̀ yóò jáde. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sọ àdírẹ́sì ti ilé àti àdírẹ́sì ti ẹnì kejì, ipò tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà wà, àti nọ́ńbà ètò tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. ESTABLISHED túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì ti pàdé, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. LISTENING túmọ̀ sí pé ètò kan jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan yóò kàn án. TIME_WAIT túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n a kò tíì gbá ibẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ro ilé kan ní Àjàngbàdí, níbi tí ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti tẹ àṣẹ yìí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí ìlà bí ogójì, àyà rẹ̀ sì já. Ó sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan! Àwọn àjèjì ti wọ inú kọ̀ǹpútà Bàbá. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ síbẹ̀: Foreign Address!"

"Fara balẹ̀, àbúrò mi. Mú ìlà kan níbẹ̀, kí o ka ohun tí ó wà lábẹ́ àkọlé náà fún mi."

"127.0.0.1 ni wọ́n kọ."

"Ṣé o mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ̀ǹpútà Bàbá náà ni. Ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀."

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ kò túmọ̀ sí ará ilẹ̀ òkèèrè, kò sì túmọ̀ sí olè. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni apá kejì, ẹni tí ó wà ní ìdí keji okùn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àkọlé yẹn kan náà ni yóò fi sí i. Bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, inú ilé náà ni ó wà: ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó lè jẹ́ fóònù ìyá, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Nígbà tí a bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, ìlà tí yóò kù yóò ti dín kù gan-an.

Àwọn tí ó kù ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ni a fọwọ́ ara wa pè láìmọ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé ìwé ìròyìn kan rò pé ibì kan ṣoṣo ni òun lọ, ṣùgbọ́n àwòrán lè wá láti ibì kan, ìpolówó ọjà láti ibòmíràn, ẹni tí ń ka iye àwọn tí ó wá sí ojú ewé náà a sì wà ní ibi kẹta. Ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ fún kòkòrò ń béèrè ìròyìn kòkòrò tuntun. Windows fúnra rẹ̀ ń wá àtúnṣe. Gbogbo ìwọ̀nyí ń lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó ilé ṣe ń rán ọmọ lọ sí ọjà láìjẹ́ pé baálé gbọ́.

Orúkọ tí a ó bá pàdé bí a bá tọ ipasẹ̀ àdírẹ́sì náà lè ṣe àjèjì sí etí: Akamai, Cloudflare, Amazon. Ilé ìkẹ́rùsí ni ìwọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó háyà àyè lọ́dọ̀ wọn láti kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán wọn sí. Ẹni tí ó bá wo pátákó iwájú ilé ìtajà ńlá kan ní Alábà lè rí orúkọ ẹni tí ó ni ilé, kí ó má sì rí orúkọ ọ̀kankan nínú àwọn oníṣòwò tí ó háyà ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á rántí pé bí olóòótọ́ ṣe lè háyà ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ náà lè háyà rẹ̀. Orúkọ onílé kò dá ẹnikẹ́ni láre, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Pé àdírẹ́sì kan wà ní òkè òkun kì í ṣe ẹ̀rí ibi pẹ̀lú. Etí òkun Èkó ni àwọn wáyà ńlá abẹ́ omi ti ń gòkè: SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002, MainOne ní ọdún 2010, Equiano sì gúnlẹ̀ ní ọdún 2022. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó so Nàìjíríà mọ́ ilẹ̀ Potogí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní àgbègbè Abidjan, MainOne àti SAT-3 sì wà lára wọn. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báńkì dàrú, ọ̀pọ̀ ìkànnì kò sì ṣí. Ìgbà náà ni ó hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé ó ń ti Àjàngbàdí lọ sí Ìkẹjà lè gba òkè òkun kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ.

Ẹni tí kò bá mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ti di ẹran ìjẹ fún àwọn gbájúẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn ọ̀daràn kan a máa pe ènìyàn lórí fóònù, wọn a ní ilé-iṣẹ́ Microsoft ni àwọn ti ń pè. Wọn a ní kí ẹni náà tẹ netstat, wọn a sì fi àkọlé Foreign Address hàn án. "Ṣé ẹ rí i?" ni wọn a wí. "Àwọn àjèjì ti wọ inú ẹ̀rọ yín." Bí ìbẹ̀rù bá ti mú onílé, wọn a ní kí ó jẹ́ kí àwọn wọlé láti òkèèrè wá bá a tún un ṣe, wọn a sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé olè kò tíì wọlé tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù olè ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Microsoft fúnra rẹ̀ ti kéde pé òun kì í dédé pe ènìyàn láti sọ pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí èyí sọ pé kò sí ewu kankan ti fi etí kan gbọ́ ọ̀rọ̀. Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Agent Tesla. Ó sábà máa ń fara pamọ́ sínú ìwé tí a so mọ́ lẹ́tà orí ẹ̀rọ. Bí onílé bá ṣí i, yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò máa kọ gbogbo bọ́tìnnì tí a tẹ̀ sílẹ̀, títí kan páswọ́ọ̀dù báńkì, yóò sì máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ilẹ̀kùn lẹ́tà ni ó ń gbà jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Interpol kéde pé a ti mú àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Nàìjíríà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fi irú kòkòrò yìí lu àwọn ilé-iṣẹ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní jìbìtì. Bí ẹ̀rọ ilé kan, tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ lẹ́tà, bá ń ti ilẹ̀kùn 587 fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní òru, ó yẹ kí onílé béèrè ẹni tí ó ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ẹrù tiwa nìkan. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí ó ń jẹ́ Mirai ń wọ inú kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn nínú ilé àwọn ènìyàn káàkiri ayé. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju èyí lọ: ó ń dán páswọ́ọ̀dù bí ọgọ́ta wò, àwọn èyí tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sí i, tí ẹni tí ó rà á kò sì yí padà. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan kó irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì dojú wọn kọ ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà, títí iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi dàrú. Ẹnìkan láti ilé-iṣẹ́ tí ń bá a du ọjà ni ó san owó fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti oṣù 8. Àwọn tí ó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò mọ ohunkóhun nípa Làìbéríà. Kámẹ́rà wọn ṣì ń ya àwòrán, ilé wọn sì tòrò. Ṣùgbọ́n láti inú ilé wọn ni a ti ń sọ òkò sí ilé aládùúgbò. Èyí ni ìdáhùn fún ẹni tí ó ń béèrè ohun tí olè fẹ́ jí ní ilé tálákà: bí kò bá rí owó jí, yóò jí orúkọ onílé.

Ìtàn fi hàn pé ẹni tí ó bá béèrè lè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ní ọdún 1986, ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní Kalifọ́níà, ìṣirò owó ìlò kọ̀ǹpútà kù ní sẹ́ǹtì 75. Owó tí ẹlòmíràn kò ní bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Clifford Stoll, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí a fi sí ìdí àwọn ẹ̀rọ náà, kò gbà kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ àjèjì tí ó lo ẹ̀rọ láìsanwó fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ó fi bá a dé ìlú Hannover ní Jámánì. Ọmọkùnrin kan ni, tí ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ológun Amẹ́ríkà, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ta ohun tí wọ́n rí fún àwọn amí ìjọba Sófíẹ̀tì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry gba ilẹ̀kùn 445 wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ó ń ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́lé, ó sì ń béèrè owó ìdáǹdè; àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Marcus Hutchins, ṣàkíyèsí pé kí kòkòrò náà tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń wá orúkọ ìkànnì gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ó ra orúkọ náà ní owó tí kò ju dọ́là 11 lọ. Nígbà tí kòkòrò rí i pé ẹnìkan dá òun lóhùn ní ibẹ̀, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìbéèrè tí ọmọlúàbí yìí béèrè kò ju èyí tí ó wà ní orí ọ̀rọ̀ yìí lọ: ta ni ẹ̀rọ yìí ń bá sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí onílé bi àjèjì tí ó bá rí. Èkíní, ètò wo nínú ilé ni ó ń bá a sọ̀rọ̀? Nọ́ńbà tí ó wà ní ìparí ìlà ni yóò sọ èyí, bí a bá wá a nínú Task Manager. Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Èkejì, ta ni ó mú ètò náà wọlé, nígbà wo, àti láti ibo? Ètò tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é yàtọ̀ sí ayédèrú tí a dà lé ẹ̀rọ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn wo ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀, ta ni a sì pín àdírẹ́sì náà fún? Ẹ̀kẹrin, ìgbà wo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, báwo ni ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pọ̀ tó? Ní ilẹ̀ tí a ń fi owó ra dátà, dátà tí ó ń tán láìsí ẹni tí ó lò ó jẹ́ ẹ̀rí tí ó yẹ kí á wádìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe Windows náà lè jẹ ẹ́.

Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tọ́, kí onílé jẹ́ kí àlejò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá tọ́, kí ó yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má ṣe fi ṣe iṣẹ́ báńkì mọ́, kí ó fi ètò ìṣọ́ tí ó wà nínú Windows yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì lo ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́ láti yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Kí ó má ṣe gbàgbé ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Páswọ́ọ̀dù tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé ìtajà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ. Ní ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó sàn kí á fọ̀ ọ́ mọ́ pátápátá, kí á sì gbé Windows tuntun lé e, kí á tó fi ọ̀rọ̀ ilé sínú rẹ̀. Kí á sì mọ̀ pé Microsoft dá ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ògiri tí a kò tún ṣe mọ́ kò ní pẹ́ lanu.

Òótọ́ ni pé ìlà netstat kò lè tú gbogbo àṣírí. Olè tí ó gbọ́n lè gba ilẹ̀kùn 443 tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ó sì lè wọ aṣọ ètò tí a fọkàn tán. Ṣùgbọ́n pé ọdẹ alẹ́ kò lè rí gbogbo igun kò túmọ̀ sí pé kí ó sùn. Ẹni tí ó mọ ojú àwọn tí ń wọlé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ojú rẹ̀ yóò tètè bọ́ sára ẹni tí kò wá rí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ ọgbọ́n yìí mọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ilé ẹni ni a ń wò, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn òbí. A kì í yọjú wo ti ẹlòmíràn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ka wíwọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ láti ṣe jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàngbàdí, ní Ìbà àti ní Òkokomáíkò, ọmọ ni ó mọ kọ̀ǹpútà ju baba lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ìṣọ́nà tí ó jẹ́ ti baálé tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ariwo ṣe. Ó tó kí ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó ka orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì béèrè èyí tí kò bá mọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú tí ó là, tí kò sì tètè dẹ́rù ba ara rẹ̀, ni ilé òde òní nílò.